Ajá méjì, bàálù kékeré kan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùtọ́jú Jagun (Àkúrẹ́):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mò ń tọ́jú ajá fún ọ̀gá kan ní Ìjàpọ̀ níbí. Ajá méjì ni: Boerboel kan tó ń jẹ́ Jagun, àti ajá ìbílẹ̀ wa pupa kékeré kan, Àdùkẹ́, tí kì í fi ẹ̀yìn Jagun sílẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń bá ọ̀rẹ́ wọn wọ bàálù oníjókòó mẹ́rin, Cessna 172, tí wọ́n bá ń lọ sí Èkó. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní àwọn ajá náà ń bọ̀. Èmi náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn, torí Jagun kì í gbọ́ tẹlòmíràn.

N kò wọ bàálù rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Jagun ló ń bà mí ju tara mi lọ. Tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ nílé, abẹ́ mọ́tò ló ń sá wọ̀. Ajá tí gbogbo àdúgbò ń sá fún o! Níbo ni wọ́n máa jókòó sí? Kí ni kí n fún wọn jẹ? Ṣé kí n fún un ní oògùn oorun?

Ìyá mi ní Oǹdó ní kí n má dán an wò. Wọ́n ní Ògún ló ni irin, ajá sì ni ẹran Ògún, ta ló wá ń gbé oúnjẹ Ògún wọ ilé Ògún tó tún ń retí kó jáde láàyè? Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ Èkìmọ̀gún:

Kí bàálù yín ṣáà má bà sí Oǹdó o. Tó bá fi lè bà pẹ́nrẹ́n, lókílì, ọbẹ̀ ẹran ajá, dé nìyẹn. Eré ni mò ń ṣe o, ẹ má bínú.

Páílọ́ọ̀tì Àgbà:

Àbúrò, màmá ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ògún ló máa kọ́kọ́ dí yín lọ́wọ́. Ìwọ̀n ni.

Zaria ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí. Níbí, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pilots N Paws, ọdún 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwa tá a bá ráàyè ń fi epo ara wa gbé ajá tí kò ní olówó láti ìlú tí wọ́n ti pọ̀ jù lọ sí ibi tí ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n wà. Nítorí náà, mo ti gbé ajá dáadáa.

Wò ó. Cessna 172 tí wọ́n ń pè ní S kò gbọ́dọ̀ gbéra nílẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ bá ju kílò 1,157 lọ. Yọ ìwọ̀n bàálù fúnra rẹ̀ kúrò, nǹkan bíi 400 ló kù fún epo, èèyàn, ajá àti ẹrù. Epo táǹkì kíkún á kó nǹkan bíi 144 lọ nínú rẹ̀. Ó ku 256. Ká ní ẹni tó ń wà á, ọ̀gá rẹ àti ìwọ jẹ́ 240 lápapọ̀. Kílò 16 ló kù fún Jagun! Orí rẹ̀ nìkan ni yóò rí ibẹ̀ gbé sí.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n má rọ epo kún. Àkúrẹ́ sí Èkó lójú òfuurufú kò ju nǹkan bíi 230 kìlómítà lọ, wákàtí kan àti díẹ̀ ni, ìdajì táǹkì á sì gbé yín débẹ̀ tí yóò tún ṣẹ́ kù. Ìyẹn á fún yín ní 88. Ṣùgbọ́n ìwé bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, ẹni tó ń wà á ló máa ṣírò rẹ̀, kò sì lè ṣírò ohun tí ẹ bá méfò fún un. Gbé àwọn ajá gun ìwọ̀n.

Ibi ẹrù lẹ́yìn kò gbà ju kílò 54 lọ, Jagun ò sí lára ohun tí wọ́n ń kó síbẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o fi okùn àyà so ó mọ́ bẹ́líìtì ìjókòó, má so ó lọ́rùn. Tó bá já wọ ẹ̀yìn lójijì lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbéra, ìrù á wúwo, imú á gbé sókè, apá bàálù lè má lè gbé e dúró mọ́. Iwájú náà ò ṣe é fi sí, torí pẹ́dà tí wọ́n fi ń darí bàálù wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó ti awakọ̀.

Ariwo bàálù ju ti jẹnẹrétọ̀ yín lọ. Láti òní lọ, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni kí Jagun ti máa jẹun, kẹ́ ẹ máa sún abọ́ rẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń ta ohun ìbo-etí fún ajá nítorí ariwo, Mutt Muffs ni wọ́n ń pè é, ilé ni kó ti kọ́ ọ wọ̀.

Ajá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ bàálù tí abẹ̀bẹ̀ iwájú bá ń yí. Tó bá ń yí kíkan, ojú ò rí i. Kí abẹ̀bẹ̀ náà dúró pátápátá kí Jagun tó bọ́ọ́lẹ̀, kí okùn sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ gbéra. Tó bá di ọ̀sán, ooru orí àpáta yẹn á máa ju bàálù sókè sódò. Wàá rí Òkè Ìdànrè lápá òsì. Ẹsẹ̀ bàtà 4,500 tó fún ìrìn yìí. Afẹ́fẹ́ inú bàálù yìí ò yàtọ̀ sí tòde, kí wọ́n má gbé ajá kọjá 10,000.

Dókítà Ẹran, Oǹdó:

Má fún un ní oògùn oorun rárá o. Ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ajá ò ní lè dá ara rẹ̀ dúró, tí èémí bá sì ń ni ín lára ìwọ ò ní tètè mọ̀. Imú Boerboel kò gùn, ooru máa ń tètè mú un.

Kó jẹun kẹ́yìn ní bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi díẹ̀díẹ̀ ò burú. Bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, fún un ní eegun kó máa jẹ, gbígbé itọ́ mì ló ń ṣí etí. Kí awakọ̀ má sọ̀ kalẹ̀ ju 500 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ajá tí etí rẹ̀ bá ń ṣọyún, kó dúró sílé. Mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wọn dání.

Olùtọ́jú Jagun:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, Dókítà. Ìwọ̀n kòkó ni mo gbé wọn gùn. Jagun kọ́kọ́ kọ̀, ló bá rí hóró kòkó nílẹ̀ tó ń gbóòórùn rẹ̀, mo yára fà á kúrò níbẹ̀ torí kòkó ń pa ajá. Nígbà tó dúró jẹ́ẹ́: 68. Àdùkẹ́: 14. Bàbá tó ń ra kòkó ní àwọn máa yọ owó kúrò nítorí omi ara rẹ̀, ó ní kò tíì gbẹ.

Bá a ṣe wà yìí, 82 nínú 88. Ìṣòro tó kù ni pé ọ̀gá ò gbà kí n wọn àwọn. Mo fi ọgbọ́n sọ ọ́, wọ́n ní ṣé èmi ni mò ń fún àwọn lóúnjẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá tọ̀ sínú bàálù ńkọ́?

Páílọ́ọ̀tì Àgbà:

Ọ̀gá tí kò bá gun ìwọ̀n, Àdùkẹ́ àti báàgì ni wọ́n fẹ́ kó bá dírẹ́bà gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ yẹn. Sọ fún ọ̀rẹ́ wọn tó ni bàálù, òun ló máa lè sọ ọ́ fún wọn.

Ní ti ìtọ̀, mú un rìn dáadáa kó tó wọlé. Tẹ́ ọ̀rá nípọn sí ìsàlẹ̀, kí o tó wá tẹ́ aṣọ lé e. Álúmínìọ̀mù ló wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, ìtọ̀ sì máa ń jẹ ẹ́. Tó bá tọ̀, má bò ó mọ́lẹ̀ fún oní-bàálù o, kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi omi nù ún lọ́jọ́ náà gan-an.