Kí ló dé tí ètò SAT fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ pé kò sí ojútùú?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo ń kọ ètò kan níbí ní Àkúrẹ́ tí yóò máa pín ìdánwò sí gbọ̀ngàn. Mo fún un ní ìdánwò 21 àti gbọ̀ngàn 20 ní wákàtí kan náà, mo sì ní kí ìdánwò méjì má ṣe pàdé nínú gbọ̀ngàn kan. Fọ́múlà tí ó jáde kò tóbi: oníyípadà 420 (ọ̀kan fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan, tí ó lè jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́) àti gbólóhùn 4,221, ìyẹn àwọn òfin tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe, síbẹ̀ ètò SAT tí mo gbé e fún, èyí tí ń wá bóyá a lè fún àwọn oníyípadà ní òótọ́ tàbí irọ́ kí gbogbo gbólóhùn lè jẹ́ òótọ́, kò dáhùn. Ṣé ètò náà ni kò dára ni, àbí ẹnìkan ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀:
Àbúrò mi, wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti 1962 tí Davis, Logemann àti Loveland ti gbé irú ètò yìí jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó mú oníyípadà kan, kí ó fún un ní òótọ́ tàbí irọ́, kí ó sì padà sẹ́yìn láti dán èkejì wò bí ọ̀nà bá dí. Bí fọ́múlà kò bá ní ojútùú, gbogbo ìrìn yẹn di ẹ̀rí kan tí a lè fi òfin kan ṣoṣo kọ, èyí tí à ń pè ní resolution: bí gbólóhùn kan bá ní x, tí òmíràn sì ní òdì x, a ó pa méjèèjì pọ̀, x yóò sì kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rí kúkúrú, kò lè sí ìrìn kúkúrú, ọgbọ́n yòówù tí a bá fi yan oníyípadà. Armin Haken fi hàn ní 1985 pé ìṣòro tìrẹ gan-an, tí wọ́n máa ń fi ẹyẹlé n+1 àti ihò n ṣàlàyé, ń béèrè ẹ̀rí resolution tí gígùn rẹ̀ ń di ìlọ́po lórí ìlọ́po bí n ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn ètò òde òní, tí ń kọ́ gbólóhùn tuntun nígbàkúùgbà tí ọ̀nà bá dí, lágbára ju ti 1962 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n inú resolution ni wọ́n ṣì wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Bí ojútùú bá wà ńkọ́? Kò sí ẹ̀rí tí a ó máa wọn gígùn rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó:
Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú tèmi. Bí a bá fi ètò sílẹ̀ kí ó yàn bí ó ti wù ú, kò sí ohun tí ó ní kí ó má yan iye tí ó tọ́ nígbà gbogbo; bí P bá sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú NP, ìyẹn bí gbogbo ìṣòro tí a lè tètè yẹ ojútùú rẹ̀ wò bá jẹ́ èyí tí a lè tètè yanjú, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìpẹ́. Ìdí nìyẹn tí Alekhnovich, Hirsch àti Itsykson, nínú iṣẹ́ wọn tí ó jáde ní 2005, fi kọ́kọ́ pààlà sí ohun tí ètò lè ṣe. Irú kan lè yan oníyípadà tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ jíjù ni yóò fi mọ̀ bóyá òótọ́ tàbí irọ́ ni yóò kọ́kọ́ dán wò. Irú kejì kò rí àmì òdì inú fọ́múlà, àfi ti ìwọ̀nba gbólóhùn tí ó bá kà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ fọ́múlà tí ó ní ojútùú fún irú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ètò yóò tètè ṣi iye yàn. Ìyókù fọ́múlà á wá di èyí tí kò ní ojútùú, kò sì ní lè jáde níbẹ̀ àfi tí ó bá parí ẹ̀rí gígùn irú ti Haken.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀:
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Kí àbúrò wa sì kíyè sí i pé ọ̀nà tí a gbà wá ojútùú ni gbogbo èyí dè, kì í ṣe SAT fúnra rẹ̀. Cook fi hàn ní 1976 pé bí a bá gba resolution láyè láti dá oníyípadà tuntun sílẹ̀, ẹ̀rí ẹyẹlé yóò kúrú. Ní ti gbọ̀ngàn rẹ, lo ètò tí ó lè ro iye pọ̀: kọ ọ́ bí àìdọ́gba, pé ìdánwò kọ̀ọ̀kan gba ó kéré tán gbọ̀ngàn 1, tí gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju ìdánwò 1 lọ. Bí ó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò rí i pé 21 kò lè wọ inú 20, ìdáhùn yóò sì jáde kíákíá.