Ṣé kí ẹbí tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó gba 30,000 dọ́là?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàálù abẹ́lé já, baálé ilé kan ládùúgbò wa sì bá a lọ. Iléeṣẹ́ bàálù fẹ́ san 30,000 dọ́là, àmọ́ wọ́n ní kí ẹbí kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé “full and final settlement”, ìyẹn pé owó yẹn ti parí gbogbo ọ̀rọ̀. Ìyàwó méjì ni olóògbé fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ bíi next of kin. Ta ló yẹ kó gbowó?

Lọ́yà Ìjẹ̀bú-Òde: Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Kí ẹnikẹ́ni má tọwọ́ bọ ìwé yẹn! Òfin ló ní kí wọ́n san owó náà, ó kéré tán 30,000 dọ́là láàárín ọjọ́ 30, kí ẹbí lè fi gbọ́ bùkátà. Owó ìṣáájú lásán ni. Wọ́n á yọ ọ́ nínú owó gbà-má-bìínú tó bá yá. Rìsíìtì tó sọ pé “advance payment” ni kí wọ́n buwọ́ lù. Ẹni tó bá buwọ́ lu “full and final” ti fi ìyókù sílẹ̀ nìyẹn.

Next of kin kì í ṣe ajogún. Ẹ lọ gba letter of administration, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé, ní probate, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú àti oníduùró. Kí ojúle ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkan nínú rẹ̀ o. Bí ìdí-igi kan bá rí i pé wọ́n yọ òun sílẹ̀, á fi caveat, ìyẹn ìwé àtakò, dí i, oṣù á máa gorí oṣù.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́: Ṣé kò yẹ kí wọ́n dúró de èsì ìwádìí NSIB, àjọ ìjọba tó ń wádìí jàǹbá bàálù, ná?

Lọ́yà Ìjẹ̀bú-Òde: Rárá, Mà. Ìwádìí NSIB wà kí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kì í sì í sanwó. Ọdún 2 péré ni òfin fún ẹbí láti pẹjọ́, láti ọjọ́ tó yẹ kí bàálù gúnlẹ̀. Kì í ṣe láti ọjọ́ ìsìnkú, dúnàádúrà kò sì dá a dúró. Ibí gan-an ni ẹ̀tọ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí: wọ́n á ní kí wọ́n ní sùúrù, oníbánigbófò ṣì ń yẹ ìwé wò, títí ọdún 2 á fi pé. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lágbára lórí ẹjọ́ bàálù. Lọ́yà tó bá gbé e lọ sí ti ìpínlẹ̀ fi àkókò ṣòfò ni.

Ẹ wá ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún olóògbé, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣírò. Bó bá jẹ́ oníṣòwò tí kò ní páyásílíìpù, ẹ kó àkọsílẹ̀ báǹkì, káàdì àjọ àti rìsíìtì owó ilé-ìwé àwọn ọmọ jọ.

Ọmọ Ìpẹru: Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí pápákọ̀ òfuurufú wà ní Ìlíṣàn-Ìpẹru níbí báyìí. Nígbà tí bàálù Dana já ní Ìjú-Ìṣàgá lọ́jọ́ 3 oṣù kẹfà 2012, ó pa àwọn tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Irú wọn náà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bìínú bí wọn ò tiẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí onílé ya fọ́tò gbogbo ohun tó bàjẹ́ kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, kó sì tọ́jú ìwé ilé àti ti ọsibítù.