Owó gáàsì àti iná lásìkò òtútù: ibo ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ti kọ́ àwọn ìbejì mi nílé ìwé pé ayé ń gbóná, wọ́n sì ti sọ ara wọn di ọlọ́pàá inú ilé. Bí mo bá gbàgbé ṣájà fóònù lára ògiri, wọ́n á yọ ọ́. Bí mo bá ra omi inú ike, ìjà dé. Mi ò bá wọn jiyàn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n owó gáàsì àti iná tó wọlé lóṣù yìí mú mi jókòó, ṣájà tí wọ́n ń yọ kò sì dín kọ́bọ̀ kù níbẹ̀. Ilé tí mo yá gbé ni, mi ò lè gbé sólà sórí òrùlé onílé. Kí lẹ̀yin ń ṣe tó ń dín owó kù lóòótọ́?

Onígáàsì, Manchester
Ẹ kú ilé, mà. Iṣẹ́ bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná fún ilé, ni mò ń ṣe. Ohun tó bá ń gbóná nínú ilé ló ń jẹ owó: bọ́ílà, omi ìwẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, sítóòfù, kẹ́tùlù. Ṣájà tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ kò jẹ tó nǹkan. Ẹ jẹ́ káwọn ìbejì máa yọ ọ́, àmọ́ ẹ mú wọn lọ síwájú bọ́ílà.

Ṣé combi ni tiyín, èyí tí kò ní táǹkì omi gbígbóná? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ wo iwájú rẹ̀. Ohun méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ẹ lè yí: ọ̀kan ní àwòrán ẹnu ẹ̀rọ omi, èkejì ní àwòrán radiator, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá láti mú yàrá móoru. Ti radiator ni mò ń bá yín sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń wọ̀, 75 tàbí 80 dígírì Celsius ni wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bọ́ílà wá, ẹnikẹ́ni ò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 60. Bí ilé bá ṣì ń móoru dáadáa, ẹ tún fà á sí 55. Bọ́ílà òde òní máa ń gba ooru padà lára èéfín kó tó jẹ́ kó jáde, àmọ́ kò lè rí i gbà dáadáa àfi tí omi tó ń padà bọ̀ láti ara radiator bá tutù tó, kó wà lábẹ́ 55. Bí omi yẹn bá gbóná jù, ooru tí ẹ ti sanwó fún á kàn bá èéfín lọ síta.

Ilé á pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru. Ẹ tètè tan án ni, ẹ má gbé nọ́ńbà yẹn padà sókè. Ẹni tó bá ní táǹkì omi gbígbóná, kó pe oníṣẹ́ kó tó yí nǹkan kan: omi inú táǹkì gbọ́dọ̀ tó 60, kí kòkòrò àrùn Legionella má bàa rí ibẹ̀ gbé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àwa tí kò sí gáàsì nílé wa ńkọ́? Iná nìkan ló wà ní fláàtì mi. Heater kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ni mò ń lò.

Onígáàsì, Manchester
Àbúrò, yí ìdí heater yẹn sókè, ó ṣeé ṣe kí o rí 2000W níbẹ̀. Yúnìtì méjì nìyẹn ní wákàtí kan. Tí yúnìtì bá jẹ́ pẹ́ńsì 25, tí o sì tàn án láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ di mọ́kànlá alẹ́, pọ́n-ùn mẹ́ta ti lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Yúnìtì iná kan tó ìlọ́po mẹ́rin owó yúnìtì gáàsì, ó lé ó dín. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Ofgem, àjọ tó ń mójú tó owó iná àti gáàsì, ń yí gbèdéke owó náà padà, nítorí náà ìwé owó tìrẹ ni kí o wò. Búláńkẹ́ẹ̀tì oníná tó ń jẹ 100W á lo wákàtí mẹ́wàá kó tó jẹ yúnìtì kan. Ara rẹ ni kí o mú móoru. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń náwó lórí afẹ́fẹ́, mi ò rí irú ẹ̀ rí!

Màmá Ìbàdàn, Birmingham
Ẹ bá mi bi í! Kó lọ ra súẹ́tà onírun àgùntàn ní charity shop. Àwọn tó ń tú òkìtì òkìríkà ní Katangowa nígbà tí wọ́n wà nílé, tí wọ́n bá dé ìlú òyìnbó tán, àlòkù á wá di ohun ìtìjú. Ta ló mọ̀?

Ẹ ti gbàgbé ilé ìdáná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀wà ọlọ́yin tó máa ń wà lórí iná títí suuru á fi tán, kì í tó ìdajì wákàtí nínú pressure cooker. Mo máa ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, màá da omi yẹn nù, màá bu omi tuntun sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ẹ rẹ iná sílẹ̀ títí ìfé yẹn á fi lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi gáàsì ṣòfò. Wọ́n á jẹ́ kó máa pariwo, wọ́n rò pé ariwo ló ń sè é. Tó bá kù díẹ̀ kó jinná, ẹ pa iná, ẹ má ṣí i, ooru inú ẹ̀ á parí iṣẹ́. Bákan náà ni ṣàkì àti ẹran ewúrẹ́. Mo máa ń sè é púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá pín in sínú abọ́, ó di inú fírísà.

Nọ́ọ̀sì, Glasgow
Màmá, mo kí yín. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un: ẹni tó bá fẹ́ fi slow cooker, ìkòkò oníná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, se ẹ̀wà pupa ńlá yẹn, red kidney, ẹ ṣọ́ra. Rẹ ẹ́, da omi nù, kí o kọ́kọ́ sè é kó hó gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná. Ooru slow cooker kì í tó láti pa májèlé inú ẹ̀, èébì àti inú rírun ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Aṣọ gbígbẹ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni mo fura sí jù. Mo fẹ́ máa sá gbogbo ẹ̀ sórí radiator.

Nọ́ọ̀sì, Glasgow
Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Omi inú aṣọ yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri tó tutù, dúdú-dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀, àyà àwọn ọmọ á sì máa dí. Yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un: gbé ìsáṣọ síbẹ̀, ti ilẹ̀kùn, ṣí fèrèsé díẹ̀. Ẹni tó bá ní dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, kó ti fèrèsé, kó tan ìyẹn. Kí ẹ sì tó kó aṣọ jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ jẹ́ kó tún un yí lẹ́ẹ̀kejì ní 1400, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná díẹ̀ ló ń jẹ, omi tó ń fún jáde kì í ṣe kékeré. Ẹ má kó àdìrẹ yín sí i o. Ní 30 ni mo máa ń fọ aṣọ ilé, torí omi gbígbóná ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná ẹ̀rọ yẹn. Yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ nìkan ni mò ń fọ̀ ní 60.

Bàbá Àgbà, Houston
Ẹ̀yin ń sá fún òtútù, àwa ń sá fún ooru. AC ló ń jẹ wá níbí. Mo gbé e sí 78 Fahrenheit, mo tan fáànù òkè, mo ń pààrọ̀ filter rẹ̀ déédéé. Oòrùn wa lè gbẹ aṣọ kí ẹ tó fojú pa, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò mi kò sì gbà ká ta okùn síta. Wọ́n ní ó ń ba ẹwà jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham
Màmá Ìbàdàn, mo lọ sí charity shop yẹn. Súẹ́tà kò bá mi mu, àmọ́ mo rí pressure cooker. Rọ́bà ìdérí ẹ̀ ti le gbagidi. Ṣé mo lè máa lò ó bẹ́ẹ̀?

Màmá Ìbàdàn, Birmingham
Má dán an wò, ọmọ mi. Ooru á máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní súfèé. Wo ìdí ìkòkò, orúkọ ẹ̀ àti iye lítà ẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Ohun tí wàá fi wá rọ́bà tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, gbé ìdérí sókè síwájú gílóòbù, kí o yọjú wo ihò tí èéfín ń gbà jáde. Bí o kò bá rí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, oúnjẹ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló dí i. Fi abẹ́rẹ́ àti omi ọṣẹ gbígbóná yọ ọ́ kí o tó gbé e kaná.