Epo ta sí ìwé tí a yá, ìdá kejì ò sì sí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Onídùndú, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ló ń ka ìwé Tomi Adeyemi ti Amẹ́ríkà, Children of Blood and Bone, ìdá kìíní nínú ìtàn idán tó ní ìdá mẹ́ta. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ló bá a yá a nílé ìkàwé wọn, lórúkọ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì mo ní kó bá mi dúró ti agbada kí n sáré lọ ra iyọ̀. Kí n tó padà dé, ọmọ ti jókòó, ó gbé ìwé lé itan, ó ń fọwọ́ ọ̀tún yí dùndú, ó ń fi tòsì ṣí ìwé. Abọ́ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Ẹ ti mọ ìyókù. Epo wọ ojú ìwé bíi mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sókè síná, ẹ ó máa rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́ tiwájú. Iṣu ò tiẹ̀ jóná!

Àbúrò mi wà ní ọdún àṣekágbá. Bí ìwé bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọn ò ní buwọ́ lùwé kó jáde. Ó ní ká rọra tì í sáàárín àwọn ìwé yòókù tó fẹ́ dá padà. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe? Ìyẹn nìkan kọ́, ọmọ yìí ò jẹ́ n sinmi lórí ìdá kejì, ilé ìkàwé yẹn ò sì ní in. Ẹ ṣáà ṣírò iye iṣu tí n ó dín kí n tó rówó ìwé tuntun.

Àǹtí Láìbúrérì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má jẹ́ kó tì í sáàárín ìwé kankan. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí: ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé la ti ń ṣí i wò, epo pupa kì í sì í fara sin. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, a máa ń bá a wá nǹkan ṣe sí i.

Lálẹ́ òní, ẹ fi bébà ìnudìí sáàárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí epo kàn, kí ẹ gbé ọmọ ọlọ lé e mọ́jú. Tó bá di àárọ̀, ẹ bu àtíkè ọmọdé sí i, ẹ jẹ́ kó mu epo, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ má fi omi ọṣẹ kàn án, ẹ má sá a sóòrùn. Àwọ̀ pupa yẹn ò ní lọ tán o, àmọ́ kò ní máa ràn mọ́ ojú ìwé mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé á ní kí ẹ ra irú rẹ̀ rọ́pò, tàbí kí ẹ san owó. Kí àbúrò yín kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má lọ ra ayédèrú onífọ́tòkọ́pì wá o, wọn ò ní gbà á.

Ọmọ Ẹnuwá:
Mo ní PDF ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bọ́ sí ínbọ́ọ̀sì.

Àǹtí Láìbúrérì:
Olè là ń pe ìyẹn, àbúrò. Bí ẹ bá fẹ́ kà lórí fóònù, Open Library ti Internet Archive wà, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó fi í-méèlì forúkọ sílẹ̀, wọ́n á yá yín ní òmíràn fún wákàtí kan, ẹ sì lè tún un yá. Kì í ṣe gbogbo ìwé ló wà níbẹ̀, ó sì ń jẹ dátà.

Ọmọ Ẹnuwá:
Ẹ má bínú mà.

Bàbá Mọ́dákẹ́kẹ́:
Ọmọ Ifẹ̀ wá ń dúró de Amẹ́ríkà kó tó gbọ́ ìtàn iwin? Láti 1938 ni Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Òkè-Igbó tí wọ́n bí i sí, ṣé ó jìnnà sí wa ni?

Ìyá Onídùndú:
Bàbá, ẹ ṣé sà. Mo rà á fún un. Ó ka ojú méjì, ó ní Yorùbá inú rẹ̀ le ju eegun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nínú ìwé Adeyemi, èdè wa làwọn tó ń pidán fi ń pọfọ̀, tàmì-tàmì. Ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn gbé e tọ màmá mi lọ pé kí wọ́n bá òun pè é. Màmá pè é tán, wọ́n ní ta ló kọ ọ́. Mo ní ọmọ wa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni, pé ní Salvador, ní Brazil, ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tí ìtàn náà fi sọ sí i lọ́kàn. Màmá mi ní, "Ẹ̀hẹ́n. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló bá a tọ́jú ẹ̀."

Bàbá Mọ́dákẹ́kẹ́:
Mo gbà. Àmọ́ kí màmá máa ka Fágúnwà sí i létí lálẹ́. A kì í dá a kà ní kọ̀rọ̀. Ní kíláàsì wa, tíṣà ló ń kà á sókè, àwa á máa pariwo.

Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà:
Ìyá wa, ìdá kejì tẹ́ ẹ ń wá, Children of Virtue and Vengeance, ti 2019, wà lọ́wọ́ wa. Ìdá kẹta, tó jáde ní 2024, la ò tíì ní. Àwa òbí mẹ́fà la kó ìwé àwọn ọmọ wa pọ̀ sínú páálí kan ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ tó bá fẹ́ mú ọ̀kan á fi tirẹ̀ kan sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ sì mọ irú èèyàn tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló: bí ọjọ́ bá pé tí n ò rí ìwé mi, ẹnu ọ̀nà yín ni n ó ti lóṣòó.

Ẹ tún wá Akata Witch ti Nnedi Okorafor fún un, ìtàn ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí New York, tó wá ń gbé Aba. Èyí tí Cassava Republic tẹ̀ ní Nàìjíríà, What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é. Ìwé kan náà ni o! Mo ra méjèèjì, ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ìyá Onídùndú:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àbúrò mi lọ láàárọ̀ yìí, ó gbọ̀n bí ewé, ó sọ òótọ́. Wọ́n ní ká ra irú rẹ̀, wọ́n fún wa ní oṣù kan. Ọmọ á máa bá mi tajà lọ́jọ́ Sátidé títí owó á fi pé. Ó ní òun gbà, bí òun bá lè máa kàwé níbẹ̀. Mo ní àfi kó jókòó sí òdìkejì títì. Ọmọ Òṣómàáló, ìgbà wo la lè wá?

Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà:
Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú dùndú dání. Ẹ fi ata sílẹ̀ ní Ifẹ̀.