Mo bá wọn kun ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ dáná sun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí mi. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní erékùṣù Shetland, ní àríwá Skọ́tílándì. Lọ́dún 1469, ọba Denmark àti Nọ́wè fi Shetland dógò fún ọba Skọ́tílándì lórí owó tó yẹ kó san fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò sì rà á padà. Síbẹ̀, àwọn ará ibí ò gbàgbé Viking, àwọn jagunjagun orí omi tó wá láti Nọ́wè láyé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe Up Helly Aa, ọdún iná tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi bíi ti Viking, tí wọ́n á sì dáná sun ún. Ti Lerwick ni ayé mọ̀ jù, 2023 ni wọ́n sì tó gbà kí obìnrin wọ ẹgbẹ́ wọn. Ní Brae tí mò ń gbé, tọkùnrin tobìnrin ló ń ṣe é. Ọjọ́ Jímọ̀ kẹta nínú oṣù kẹta ni, orí omi ni wọ́n sì ti ń sun ọkọ̀.

Aládùúgbò wa kan ló pè mí wá síbi tí wọ́n ti ń kàn án. Ìpẹ́ ọrùn dírágónì iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ní kí n kùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń kùn ún: àwọ̀ ewé lákọ̀ọ́kọ́, tó bá gbẹ, màá fi àwọ̀ wúrà fa etí rẹ̀ tín-ín-rín. Ìlà mi àkọ́kọ́ wọ́. Bàbá tó ń fi sánpépà họ asà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nù ún kúrò, ó ní kí n tún un fà. Mo ní, ṣebí iná ló máa jẹ ẹ́? Kò dá mi lóhùn. Ó kàn gbé búrọ́ṣì fún mi padà.

Guizer Jarl, olórí wọn lọ́dún náà, ló sọ ọkọ̀ lórúkọ. Aṣọ ni wọ́n fi bo orúkọ náà títí di ọjọ́ ọdún. Àṣé orúkọ ọkọ̀ ìpẹja bàbá rẹ̀ ni, tí wọ́n ti tà kó tó di géńdé. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ! Ọmọ tí a ń bẹ̀rù pé kò ní dúró, Málọmọ́, Dúrójayé là ń sọ ọ́, ká fi orúkọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n mọ̀ pé èyí ò ní rí òwúrọ̀, wọn ò sì bẹ̀ ẹ́. Orúkọ tó ṣọ̀wọ́n fún wọn jù ni wọ́n fún un. Omi bọ́ lójú mi láàárín èrò.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n tì í wọ omi tòun ti àsíá ẹyẹ ìwò. Ògùṣọ̀ tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé, tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì, tí wọ́n sì tanná sí, ló kún inú rẹ̀. Àwọn asà ló kọ́kọ́ jábọ́. Ọrùn dírágónì ló pẹ́ jù. Mo ń wo àwọ̀ wúrà mi títí ó fi dúdú. Wọ́n wá kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó sáré kúrò létí omi.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń wẹ màmá kan níbi iṣẹ́ nígbà tó rí ọ̀dà wúrà lábẹ́ èékánná mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí lórúkọ ọkọ̀ náà. Mo sọ ọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ti jẹ ẹja inú ọkọ̀ yẹn rí.