Ó ti yanjú: Python àti Csound ti gbọ́ra wọn yé

Ẹ kú àdúró o, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kígbe síta pé bí mo bá ti fi ctypes (irinṣẹ́ Python tó ń pe iṣẹ́ tí a fi èdè C kọ) pe Csound (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣẹ̀dá ohùn) láti inú Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), "Segmentation fault" ló ń dá mi lóhùn, ìyẹn ni pé ètò náà fọwọ́ kan ibi tí kò tọ́ nínú memory, ó sì kú. Ọwọ́ ti bà á.

csoundCreate, iṣẹ́ tó ń dá Csound sílẹ̀, máa ń dá àdírẹ́sì padà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà nínú memory, bit 64 sì ni. Bí a kò bá sọ fún ctypes, int (odidi nọ́ńbà) lásán, bit 32, ló máa kà á sí, á sì gé ìdajì dànù. Ìlà kan péré ni mo fi kún un, láti sọ pé àdírẹ́sì (c_void_p) ni ohun tó ń padà wá (restype):

lib.csoundCreate.restype = c_void_p

Mo sì kọ c_void_p sínú argtypes (irú ohun tó ń wọlé) àwọn iṣẹ́ Csound tó kù, torí àdírẹ́sì tó ń wọlé náà lè di gígé. Ẹni tó ní kí n tún Csound gbé sórí ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀, mo dúpẹ́, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló ti ń jò.

Lálẹ́ àná, iná ti lọ, bátìrì ń tán lọ, ni ohùn gángan tí mo gbà sílẹ̀ nítòsí ààfin Ṣọ̀ún l'Ógbòmọ̀ṣọ́ bá jáde ketekete, tòkè, tàárín, tìsàlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo!

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo callback (iṣẹ́ Python tí Csound máa ń pè padà), ẹ fi í pamọ́ sínú variable kan, kí Python má baà gbá a dànù. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ ṣeun gan-an ni.