Agra lọ́la: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá

Abẹ̀kẹ́Delhi: Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi àti màmá mi fẹ́ lọ wo Taj Mahal ní ìlú Agra lọ́la. Ọkọ̀ wo ló dáa, ibo la sì lè sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dáhùn.

ỌmọNoida: Àǹtí, ọ̀la kẹ̀? Jímọ̀ mà ni! Taj Mahal kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, àfi fún àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí inú ibẹ̀. Reluwé Gatimaan tó ń fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú dé Agra láti ibùdókọ̀ Nizamuddin ní Delhi náà kì í rìn ní Jímọ̀. Ẹ sún un sí Sátidé.

BàbáÌbejì: Reluwé ni o! Ẹ má wọ mọ́tò háyà. Èyí tí a háyà gbà pé Taj lòun ń gbé wa lọ tààrà. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Yamuna, ó já wa sí ṣọ́ọ̀bù òkúta mábù. Wọ́n fún wa ní tíì, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àwo kan ká lè rí bí iná ṣe ń là á kọjá, wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ló kọ́ Taj. Ìyàwó mi ní òun ò rà. Dẹ́rẹ́bà bá ki kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní òun ń lọ jẹun. Ìgbà tí a fi dé ẹnu géètì, wọn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọjọ́ kejì ni báálù wa gbéra.

ÌyáTọ́lá: Háà! Tiwa, ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì ni.

Gurgaon4Real: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi tẹnì kan ba gbogbo dẹ́rẹ́bà jẹ́. Ẹ má sanwó tán kí ẹ tó padà délé, ó parí.

BàbáÌbejì: A ò sanwó tán, síbẹ̀ ó ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù ń fún un ní tiẹ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ bá rà.

AkinRajasthan: Ẹ fi Agra sílẹ̀, Jaipur ni kí ẹ lọ. Hawa Mahal wà níbẹ̀, ààfin Amber náà wà níbẹ̀.

ỌmọNoida: Agra ni wọ́n béèrè o.

ÌyáTọ́lá: Tí màmá bá fẹ́ raṣọ, Chandni Chowk ní Delhi níbí ni. Jahanara, ọmọ Shah Jahan, ọba tó kọ́ Taj, ló ní kí wọ́n ṣètò ọjà yẹn. Ẹ má lọ ní Sọ́ńdè, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń tì.

Abẹ̀kẹ́Delhi: Ẹ ṣé o. Orúnkún màmá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn. Ìdájí Sọ́ńdè la ń padà sí Èkó. A gbọ́dọ̀ padà dé Delhi lálẹ́ Sátidé.

Gurgaon4Real: Ẹ̀yin náà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn! Ẹ lọ lọ́la, kí ẹ sùn ní Taj Ganj, àdúgbò ẹ̀gbẹ́ Taj. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí Mehtab Bagh, ọgbà òdìkejì odò ni, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ ó rí ẹ̀yìn Taj kedere. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, ẹ ti wà ní géètì ìlà-oòrùn. Mọ́tò elépo ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, oníná ló máa gbé yín. Rúpì 1,100 ni tíkẹ́ẹ̀tì àlejò, 200 lórí rẹ̀ fún inú ibojì. Kí màmá fi ti 200 yẹn sílẹ̀, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀.

ỌmọNoida: Agra Fort, ààfin olódi yẹn, ńkọ́? Ibẹ̀ ni Aurangzeb ti bàbá rẹ̀, Shah Jahan, mọ́ láti 1658 títí ó fi kú ní 1666. Láti Musamman Burj, ilé ìṣọ́ kan níbẹ̀, ló ti ń wo Taj lókèèrè.

ÌyáTọ́lá: Òkè tó wà lẹ́nu ọ̀nà Fort yẹn? Pẹ̀lú orúnkún tuntun? Rárá o.

Abẹ̀kẹ́Delhi: Ẹ ṣé gan-an. A ń lọ lọ́la. Mọ́tò náà la máa wọ̀, dẹ́rẹ́bà tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù ni. Ẹ̀gbọ́n BàbáÌbejì, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ màmá ò lè sáré ní ibùdókọ̀ reluwé. Fort, ó dìgbà mìíràn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 200 yẹn náà fún àwa méjèèjì. Màmá gbọ́ pé ọmọ kẹrìnlá ni Mumtaz, ìyàwó ọba tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ Taj, ń bí ní 1631 tó fi kú. Wọ́n ní àwọn ò ní débẹ̀ káwọn má kí i nínú ilé.

Gurgaon4Real: Kò burú. Ẹ mú páàsípọ́ọ̀tù dání, ẹ má gbé oúnjẹ wọlé.

BàbáÌbejì: Tí dẹ́rẹ́bà bá ní kí ẹ sinmi díẹ̀, ẹ sọ fún un pé ó ti rẹ̀ yín láti sinmi.